Wọ́n sanwó ńlá torí oúnjẹ ọdún lójú òkun, agbáwo ni wọ́n wá ń fìyà ẹ̀ jẹ

Bẹ́ ẹ bá dé orí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ẹ má wulẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń jó tàbí ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan á ní tòlótòló tí wọ́n gbé fóun lálẹ́ àná gbẹ bí igi ìdáná. Òmíì á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ò tíì lù tí wọ́n fi ní ẹran ti tán, ẹja ló kù. Bàbá àgbàlagbà kan á ní ìdílé òun jẹ́ èèyàn mọ́kànlá, òun lòun sanwó gbogbo wọn kí wọ́n lè jókòó yí tábìlì kan ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kóun tó kú, àwọn ọlọ́kọ̀ wá pín àwọn sí tábìlì méjì, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, èkejì nídìí fèrèsé lọ́hùn-ún. Ẹnì kan á tún wà tí ò ní ro ẹjọ́ kankan. Yóò kàn ní kí wọ́n bá òun yọ owó àwọn agbáwo kúrò nínú bíìlì òun ni, yóò sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni ìkẹyìn yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Irú ọkọ̀ tá à ń wí yìí kì í ṣe fẹ́rì tó ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí Marina o. Ìlú ni wọ́n gbé sórí omi. Icon of the Seas tí iléeṣẹ́ Royal Caribbean kó jáde láti Miami ní oṣù Kíní ọdún 2024, èrò 7,600 ló lè gbé bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀ bá kún, àwọn òṣìṣẹ́ tó sì ń tọ́jú wọn jẹ́ 2,350. Àjà ogún ló ní. Lọ́dún 2023 nìkan, àwọn tó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 31. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ti ọdún tuntun lówó ẹ̀ máa ń wọ́n jù. Yàrá kan náà, ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ méje kan náà, tẹ́nì kan rà ní owó pọ́ọ́kú nínú oṣù Kẹsàn-án nígbà táwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́, ó lè fò dé ìlọ́po méjì bó bá di ọ̀sẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá wá tu irú owó bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún méjì, ṣé ẹ rò pé ó máa gbójú kúrò lára abọ́ tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kò sọ́jà lójú òkun. Gbogbo ohun tí wọ́n máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, èbúté ni wọ́n ti ń kó o, bíi Miami, Fort Lauderdale tàbí Southampton, láàárín wákàtí díẹ̀ péré. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtù, àwọn tó ti lo ọjọ́ wọn tán á sọ̀kalẹ̀, bó bá máa fi dọ̀sán àwọn tuntun á ti máa wọlé, ọkọ̀ á sì ṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú àkókò kékeré yẹn ni wọ́n ti ń sáré gbé ẹran, ẹja, ẹyin, ìyẹ̀fun àti ẹ̀fọ́ wọ ikùn ọkọ̀. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn, àfi tí wọ́n bá rí irú ẹ̀ rà ní erékùṣù tí wọ́n máa yà sí.

Tòlótòló ló wá le ju gbogbo ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti dì gbagidi, tó wọ̀n tó kílò mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gbà kó tó yọ́ nínú yàrá tútù, torí ẹni tó bá gbé e síta kó lè tètè yọ́, àìsàn ló ń wá fún odidi ọkọ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí èrò ṣì ń ya fọ́tò ní Cozumel tàbí Nassau, àwọn kúùkù ti wà lẹ́nu Kérésìmesì. Bó bá wá di alẹ́ ọjọ́ náà, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìsọ̀rí méjì ni wọ́n ń jẹun: àwọn kan ní nǹkan bí aago mẹ́fà, àwọn yòókù lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn fẹ́ kó gbóná, gbogbo wọn fẹ́ kó yá.

Ìyá tó yan tòlótòló kan ṣoṣo nílé fún èèyàn mẹ́wàá, bó ṣe ń yọ ọ́ nínú ààrò ló ń gé e. Ẹni tó ń yan án fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti gé e sílẹ̀, kó ti tò ó sábọ́, kó ti dé e lórí, kó sì kó o sínú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wà ní gbígbóná títí agbáwo á fi wá gbé e. Ibẹ̀ lomi ara ẹran ti ń gbẹ. Kì í ṣe pé kúùkù ò mọṣẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì inú kúlà níbi ìgbéyàwó, tó sì ti jẹ èyí tí wọ́n ń bù lórí iná, ó mọ ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti gbígbẹ nìkan ni, ọ̀rọ̀ ò bá má pọ̀. Ohun tó ń fa ìjà gan-an ni pé ìkòkò ìyá kálukú ló wà lórí ẹ̀ nígbà tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí wọ́n ń pè ní Thanksgiving. Ààrẹ Abraham Lincoln ló kéde ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1863, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1941 ló sì fi í sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá. Tòlótòló ni, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn pò, àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi elégédé ṣe. Búrẹ́dì pípò yìí nìkan, bí ìyá kan ṣe ń ṣe é yàtọ̀ sí bí èkejì ṣe ń ṣe é, kò sì sí ọmọ tó máa gbà pé ti ìyá òun kọ́ ló dáa jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọkọ̀ ní Southampton ní tiwọn ń retí kábéèjì kéékèèké àti púdíǹgì dúdú tó kún fún èso gbígbẹ. Àwọn ará Jámánì, alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni wọ́n máa ń ṣọdún wọn, bó bá fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì ń wá tòlótòló, ọdún ti lọ dáadáa lójú tiwọn. Àwọn ará Spain gbọ́dọ̀ rí èso àjàrà méjìlá jẹ bí aago bá ń lu méjìlá òru ọdún tuntun, ọ̀kan fún ìlù kọ̀ọ̀kan. Àwọn Júù tó ń tẹ̀ lé òfin oúnjẹ wọn á ti kọ̀wé sílẹ̀ ṣáájú, tiwọn á wá nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa. Ẹ kó gbogbo àwọn èèyàn yìí sínú gbọ̀ngàn ìjẹun kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ní kí ọ̀gá kúùkù tẹ́ wọn lọ́rùn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó jáde.

Àwọn èèyàn tiwa náà ò gbẹ́yìn níbẹ̀. Yorùbá pọ̀ ní Houston, èbúté Galveston tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti ń gbéra ò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ síbẹ̀ bí wọ́n bá wa mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká ní bọ̀dá kan kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ, wọ́n sì mú Màmá tó wá kí wọn láti Ìbàdàn dání. Màmá ti mọ ohun táwọn òyìnbó ń jẹ, wọ́n ti rọra di ata díndín sínú ike, wọ́n fi ìró wé e sínú báàgì. Ẹnu àbáwọlé ọkọ̀ ni wọ́n ti máa gbà á. Oúnjẹ tí wọ́n bá sè wá láti ilé, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kì í jẹ́ kó wọlé, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ilé iṣẹ́ lẹ̀ pa látilẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bó wá di alẹ́ Kérésìmesì, wọ́n gbé tòlótòló dé, wọ́n da ọbẹ̀ èso pupa kan lé e lórí tó dùn mọ̀rànmọ̀ran. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n wo ọmọ wọn lójú: "Lẹ́kan, ta ló da jáàmù sórí ẹran?" Agbáwo ní kò sí wàhálà, ó sáré lọ gbé ata inú ìgò kékeré wá, èyí tó kan ju bó ṣe ta lọ. Bọ̀dá yìí á sanwó, inú ẹ̀ ò sì ní dùn, kò ní lè sọ ìdí ẹ̀ gan-an.

Ata kọ́ nìdí ẹ̀. Ní Ìbàdàn, kí Màmá tó jẹ tiwọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, abọ́ ìrẹsì á ti jáde lọ sílé Alájì tó wà níwájú ilé, á ti lọ sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ, á ti lọ sọ́dọ̀ onílé. Lórí ọkọ̀, ta ni wọ́n fẹ́ gbé abọ́ fún? Ẹni tó wà ní tábìlì kejì ti gba tiẹ̀. Ohun tó sọ ọjọ́ náà di ọdún lójú wọn, kò sí nínú ìwé oúnjẹ, kò sí bí kúùkù ṣe lè sè é. Ohun kan náà ló ń ṣe òyìnbó tó ń ké sí wọn nídìí káńtà pé búrẹ́dì pípò ò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ìyá ẹ̀ ló ń wá, tòlótòló ló rí bá jà.

Tí wọ́n bá wá ní ta ló kọ́ wọn láti máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn ni. Láyé àtijọ́, kálukú mọ ibi tí ìwé ọkọ̀ òun dé. Lórí Titanic, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 1912, ọjọ́ tó kọlu òkìtì yìnyín, àwọn èrò ipò kìíní jẹ ẹja ìkarawun tútù, ẹja salmon, ẹran àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ yíyan àti áísìkiriìmù. Èrò ipò kẹta jẹ ẹran màlúù yíyan àti púdíǹgì lọ́sàn-án ọjọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀kọ mímu, bisikíìtì àti wàràkàṣì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó wọ ipò kẹta tó ń retí pẹ́pẹ́yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí Aureol, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster tó ń ná Liverpool sí Èkó láti 1951, tó fi bíi ọjọ́ mẹ́tàlá rìn ín, tó yà sí Las Palmas àti Freetown. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá tó lọ kàwé nílùú òyìnbó, inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jẹun nídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Òun náà ní ipò kìíní, ó ní ipò tó kéré sí i. Ọkọ̀ òfuurufú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó kógbá sílé lọ́dún 1974.

Ọkọ̀ òfuurufú yẹn náà ló jẹ́ káwọn ọlọ́kọ̀ wá ọjà míì tà. Èèyàn ò wọ ọkọ̀ omi láti débì kan mọ́, àfi kí wọ́n wọ̀ ọ́ láti gbádùn. Ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ The Love Boat, láti 1977 di 1986 ni wọ́n fi ṣe é, ọkọ̀ Pacific Princess ni wọ́n sì lò fún un. Nínú ẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń bá èrò jẹun, gbogbo ìjà ìfẹ́ ló ń parí kí wọ́n tó dé èbúté. Bó ṣe di pé ipò kìíní ni wọ́n ń tà fún gbogbo ayé nìyẹn. Ẹni tó ń wakọ̀ akẹ́rù, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, tíṣà, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa bọ̀, pé bí ọba ni wọ́n ṣe máa gbà wọ́n. Ìwé ìpolówó ọdún máa ń ní fọ́tò ìdílé kan nínú: bàbá àgbà, ìyá àgbà, ọmọ, ọmọ ọmọ, tòlótòló odindi láàárín wọn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Odindi tòlótòló yẹn ò ní dé orí tábìlì ẹnì kankan. Ẹ̀rín yẹn sì rèé, òun gan-an ni wọ́n ń ra.

Bí wọ́n bá ti wọlé tán ni wọ́n máa ń rí i pé ipò ò tíì tán lórí omi, orúkọ ló yí padà. Lórí Queen Mary 2 ti iléeṣẹ́ Cunard, yàrá tẹ́ ẹ bá sanwó ẹ̀ ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun: ti Britannia wà fún ọ̀pọ̀ èrò, ti Princess Grill wà fáwọn tówó wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Queens Grill sì wà fáwọn tó rà yàrá tó tóbi jù. Iléeṣẹ́ Norwegian ní tiẹ̀ gbé ètò kan dé lọ́dún 2000, pé kí kálukú jẹun nígbà tó wù ú àti níbi tó wù ú. Ó dáa fún ẹni tí kò fẹ́ wọ kóòtù. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Kérésìmesì, àkókò kan náà ló ń wu gbogbo ayé, ni ìlà á bá gùn dé ẹnu àtẹ̀gùn. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn ilé oúnjẹ kan wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń gba owó ọ̀tọ̀ níbẹ̀, torí náà ẹni tó ti sanwó oúnjẹ ní Miami lè tún san dọ́là 50 kó tó jẹ ẹran tó rọ̀ dáadáa. Iléeṣẹ́ Carnival tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá béèrè abọ́ ẹran kẹta nínú gbọ̀ngàn tó jẹ́ pé wọ́n ti kó owó ẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Wọ́n ní torí oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èrò tó rò pé ọba lòun á máa wò ó pé ọba wo ni wọ́n ń ka abọ́ fún.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀ ìsinmi yìí ti dé kóòtù tipẹ́. Ní ìparí 1969, lọ́yà kan sanwó Kérésìmesì ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí òkè yìnyín ní Switzerland. Kì í ṣe lórí omi, àmọ́ ẹ gbọ́ ọ ná. Ìwé ìpolówó ní àpèjẹ máa wà, kéèkì máa wà, olórin ìbílẹ̀ máa wá dá wọn lára yá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlejò mẹ́tàlá ló wà nílé ìtura náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun nìkan ṣoṣo ló kù bí igi ọ̀pẹ, onílé ìtura ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kéèkì tí wọ́n ní, ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá àti kéèkì gbígbẹ kan ló bá. Olórin wá lóòótọ́, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ wá, ó sáré kọ orin mẹ́rin márùn-ún, ó bẹ́sẹ̀ rìn. Ìsinmi tó ná an ní pọ́n-ùn 63 àti díẹ̀, kóòtù ìsàlẹ̀ ní kí wọ́n dá bí ìdajì padà fún un. Lọ́yà ò gbà. Lọ́dún 1972, Lord Denning àtàwọn adájọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kí wọ́n fún un ní pọ́n-ùn 125, pé ẹni tó ta ìgbádùn fún èèyàn, tí kò sì fún un ní ìgbádùn, ó gbọ́dọ̀ san ti ọkàn tó bà á jẹ́ náà mọ́ ọn.

Látìgbà náà ni ojú àwọn èrò ti là. Ní oṣù Kíní ọdún 2008, tọkọtaya kan wọ Queen Victoria ti Cunard, ìrìn àjò yí ayé ká àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà máa rìn, nǹkan bíi pọ́n-ùn 59,000 ni wọ́n san. Ìyàwó ti ra aṣọ alẹ́ gígùn jọ rẹpẹtẹ torí oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n máa ń wọṣọ ńlá fún. Ojú ọjọ́ bàjẹ́, irin tó wà nílẹ̀ yàrá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́jú, oorun dàwátì. Wọ́n kó wọn láti yàrá kan sí òmíì, kò rọgbọ, ni wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ ní Honolulu. Iléeṣẹ́ dá owó ọjọ́ tí wọn ò lò padà fún wọn, síbẹ̀ wọ́n pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ fún wọn ní pọ́n-ùn 22,000, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn bù ú kù sí 12,000 lọ́dún 2010. Ọ̀rọ̀ aṣọ alẹ́ náà dé iwájú adájọ́ o. Àwọn méjèèjì jèrè díẹ̀, ìrìn àjò tí wọ́n ti ń lá àlá ẹ̀ ò sì padà wá mọ́.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa àìsàn díẹ̀, torí ó máa ń ba oúnjẹ ọdún jẹ́. Kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, norovirus, fẹ́ràn ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí, ìgbà òtútù ló sì ń gbilẹ̀ jù. Láti 1975 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní àwọn tó ń yẹ ilé ìdáná ọkọ̀ ìgbafẹ́ wò, ọkọ̀ tí máàkì ẹ̀ bá jẹ́ 85 tàbí kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fìdí rẹmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ. Ẹni tó bá ń bínú sí wọn nítorí ẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe.

Ó wá ku ẹni tó ní kí wọ́n bá òun yọ owó agbáwo.

Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ owó ìdúpẹ́ mọ́ bíìlì èrò lójoojúmọ́, dọ́là 16 sí 20 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà ní yàrá tí kì í ṣe ti olówó. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì, bó bá jẹ́ dọ́là 17, ọjọ́ méje á gbé e dé 476. Owó yìí ló ń lọ sọ́dọ̀ agbáwo, sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sọ́dọ̀ àwọn kan lẹ́yìn ilé ìdáná tí èrò ò ní rí lójú láéláé. Lọ́pọ̀ ibi, òun ló ń pọ̀ jù nínú owó tí agbáwo ń mú lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sì gbà pé èrò lè ní kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Tẹ́nì kan bá wá bínú pé tòlótòló gbẹ, tàbí pé ìdílé òun ò jókòó pa pọ̀, tàbí pé wọ́n gba dọ́là márùn-ún lórí abọ́ kẹta, ibi kan ṣoṣo tọ́wọ́ ẹ̀ tó nínú gbogbo iléeṣẹ́ olówó gọbọi yẹn ni owó agbáwo. Agbáwo ò yan tòlótòló. Agbáwo kọ́ ló pín tábìlì. Òun kọ́ ló ya fọ́tò ìwé ìpolówó. Ìwà ìkà ni, kẹ́ni tó ń ṣe é má dá ara ẹ̀ láre. Èyí tó tún wá burú jù ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ P&O ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí owó ìdúpẹ́ ojoojúmọ́ yìí lọ́dún 2019, wọ́n kó o mọ́ owó ọkọ̀ látilẹ̀, ọkọ̀ wọn ò sì tìtorí ẹ̀ rì. Àwọn tó kù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá wù wọ́n.

Ta sì ni agbáwo yìí? Ó lè jẹ́ ọmọ Philippines, ó lè jẹ́ ará Íńdíà, Indonesia tàbí Jàmáíkà, tó tọwọ́ bọ̀wé láti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó padà rí ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀. Òfin àgbáyé lórí àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2013, fàyè gba kí wọ́n ṣiṣẹ́ tó wákàtí 14 lóòjọ́ àti 72 lọ́sẹ̀. Àwọn ará Philippines sì rèé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ràn Kérésìmesì tó wọn. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀, òru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́jú ọjọ́ kejì sì ni gbogbo ìdílé ń jókòó jẹun. Aago yẹn gan-an, agbáwo wa wà lórí òkun, ó de fìlà pupa sórí, ó ń bi ẹnì kan pé ṣé kóun fi ọbẹ̀ kún un.

Nígbà tí èrò bá ti lọ sùn tán, wọ́n ń ṣe tiwọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yàrá oúnjẹ òṣìṣẹ́ wà, ibi tí kò ní fèrèsé lórí ọkọ̀ míì. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àṣà wà pé lọ́jọ́ Kérésìmesì, àwọn ọ̀gá tó ní ìlà wúrà léjìká ló ń wọ ẹ̀wù ìdáná, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ tí bàbá àgbàlagbà òkè ti ń wá láti alẹ́ pé kó wá bá òun ya fọ́tò, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló wà, tó mú ṣíbí dání. Ìrẹsì máa ń wà níbẹ̀ dáadáa. Ata náà máa ń wà. Àwọn kan á jẹ tiwọn pẹ̀lú fóònù tí wọ́n gbé ti ìgò omi, àwọn ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀, bí íńtánẹ́ẹ̀tì ojú òkun bá gbà fún wọn.

Nígbà tọ́jọ́ wọn bá pé tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ padà, bíìlì á ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kálukú láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó yọ owó, wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn tó fi kún un náà wà o, wọ́n ká a sínú àpòòwé, wọ́n kọ orúkọ agbáwo sí i lára, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Bí aago mọ́kànlá bá ti lù, wọ́n á ti ká aṣọ tábìlì pupa nílẹ̀, wọ́n á ti tẹ́ funfun ti ọdún tuntun. Nísàlẹ̀ lẹ́bàá omi, ẹrù alákàṣà àti ti ẹran ìdí màlúù ti ń wọlé, àwọn èrò tuntun sì ti tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.